Igi Tí Ọyẹ́ Amẹ́ríkà Kò Gbẹ

Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí mo fẹ́ rí gbà padà. Lórí igi ìdáná ni mo ti pa á, ní Hyattsville, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, fún ìyàwó mi tí òtútù ń pa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rìn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n lọ gbé àáké, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Mo ṣe ọmọ ọkọ̀ lórí agbégilódò, ọkọ̀ ńláńlá tí ń kó ìtì igi láti igbó Oǹdó wá sí Ìbàdàn, kí n tó di awakọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Gbogbo igbó ọ̀nà yẹn ló mọ ohùn fèrè ọkọ̀ mi. Ìyàwó mi ní tirẹ̀, gàrí ló ń yan. Ogójì ọdún ló fi jókòó ti agbada, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ti igi bọ iná, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń da gàrí rú. Èmi ló ń gbé igi kiri, òun ló ń dáná rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Irọ́ ni mo fi fẹ́ ẹ, irọ́ náà ni mo sì fi ń tọ́jú ilé. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ìrókò kan.

"A gé e já pátápátá ní ọjọ́ Ajé," ni mo máa ń wí, "kò ṣubú. Kò mọ̀ pé a ti gé òun. Ẹyẹ ń bà lé e, ó tiẹ̀ tún yọ ewé tuntun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ ni àgbẹ̀ kan ń kọjá lọ, ló bá ṣí fìlà, ó kí i pé, 'Ẹ kú ìrọ́jú.' Ìgbà yẹn ni ìrókò tó mọ̀. Gbìì! Ó ṣubú."

"Ọjọ́rú ńkọ́, Baálé mi? Kí ló ṣe ní Ọjọ́rú?"

"Ó sinmi."

Á wá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí òkè lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí omi odò wọ̀ létí. "Ó ti jáde," ni á wí. Bó ṣe máa ń da irọ́ mi nù nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé. Ẹ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò pe orúkọ mi rí, ṣùgbọ́n irọ́ mi kankan kò sùn mọ́jú ní etí rẹ̀.

Ohun tó gbé wa dé Amẹ́ríkà ò ju pé ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, bímọ, ó sì ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà la bá wá. Ẹ̀wù mẹ́rin ni mo dì. Oṣù karùn-ún ni ẹsẹ̀ ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, nígbà tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ayé. Ọ̀rọ̀ à ń lọ sílé parí síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan á wá gbé e, á sì dá a padà ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fọ̀ yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti gbé e kaná kí wọ́n tó dá a padà sí i lára. Láti ìgbà yẹn, òtútù kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ní oṣù keje, tí ọmọ onílẹ̀ ń bọ́ ẹ̀wù nítorí ooru, kúbùsù ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilé kékeré ni ilé ọmọ wa, bíríkì pupa, ó ti dàgbà. Ẹ̀rọ amúlégbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná gba inú àwọn ihò onírin tó wà nílẹ̀. Ọmọ wa á yí i sókè títí èmi á fi wà ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyàwó mi á ṣì máa gbọ̀n.

"Iná tí mi ò rí, Baálé mi, ṣé iná nìyẹn?" ló máa ń wí. "Ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nídìí láti abẹ́ ilẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò rí ojú ẹ̀, a ò kíra."

Nínú ògiri pálọ̀ ni ààrò kan wà tí àwọn tó kọ́ ilé náà fi bíríkì ṣe, ihò èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé jáde. Ọmọ wa kò dáná níbẹ̀ rí. Òdòdó oníke ló tò sínú rẹ̀. Ìyàwó mi á gbé àga lọ síwájú òdòdó oníke yìí, á na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni ń yáná, á wá yíjú wò mí.  Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ni ọkùnrin tó fi igi jẹun láyé rẹ̀ yóò ṣe?

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìjì ńlá kan fi jà ní oṣù kẹsàn-án, ọdún kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn tí ẹgbàá ọdún wọlé. Iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Igi kan tí wọ́n ń pè ní òókù, tó wà lẹ́yìn ilé wa, wó lulẹ̀. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tó ṣubú tán, òjìji rẹ̀ ṣì dúró fún wákàtí kan gbáko kí ó tó wá dùbúlẹ̀ tì í. Àwọn ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń rẹ́gi, wọ́n rẹ́ ẹ sí ìtì kéékèèké, wọ́n fẹ́ kó o lọ. Mo jáde sí wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ọmọ mi bi mí.

"Ìyá rẹ fẹ́ rí iná tó ní ojú."

"Dádì, ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún."

"Àáké ò béèrè ọjọ́ orí."

Mo ra àáké, mo ṣe é. Láràárọ̀ ni mo ń la igi yẹn, lẹ́yìn ilé, tí ìyàwó mi ń gbọ́ mi láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó gbà mí títí di ìparí oṣù kọkànlá kí n tó là á tán, mo tò ó jọ gàgàrà lẹ́bàá ọgbà, mo wá dúró tì í bí ẹni tó kọ́lé.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti wọlé. Àṣìṣe náà, ọmọ ilé wa nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó dàgbà nílé wa mọ̀ pé òtútù àti gbígbẹ, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, òtútù á mú, ètè á là, aṣọ á gbẹ kí o tó sá a tán, igi tútù tí o là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ti máa dún bí àwo. Mo wá fi ọgbọ́n ìwé mẹ́rin mi rò ó: bí ọyẹ́ ilé wa tí kò tó nǹkan bá lè gbẹ igi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti Amẹ́ríkà tó ń sọ omi di òkúta ńkọ́? Òtútù ọ̀hún mú débi pé mo fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀ka gbígbẹ, mo sì fi í pamọ́ fún ìfinná. Mi ò tiẹ̀ bo igi náà. Ta ló ń bo igi lásìkò ọyẹ́?

"Kó tó di Kérésìmesì," mo sọ fún ìyàwó mi, "wàá yáná títí wàá fi bẹ̀ mí pé kí n pa á."

"Mo ń retí yín," ló wí.

Bàbá kan wà ní ilé kejì, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ mi. Oko tábà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní ìsàlẹ̀ agbègbè wa yìí, kí oko náà tó di ilé àti títì. Igi ni òun náà fi ń dáná, tirẹ̀ wà lábẹ́ tàpólì, ó tò bí ìwé. Imú ló fi ń sọ Òyìnbó tirẹ̀, eyín ni mo fi ń sọ tèmi, a ṣì ń gbọ́ra. Ní ọjọ́ kan ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ọgbà wa, ó mú igi mi méjì, ó fi wọ́n kanra. Bù. Ó mi orí.

"Ọdún kan," ló wí. "Òókù, ọdún kan, bóyá méjì. Òtútù kì í gbẹ igi lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rẹ́ mi. Oòrùn ló ń gbẹ ẹ́. Fi tàpólì bo orí ẹ̀, kó o jó o lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé. Ìyàwó mi ti jókòó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ni bàbá yẹn wí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ṣíbí. Ẹ̀yin, ṣé ẹ̀yin lè sọ "ọdún tó ń bọ̀" fún ẹni bẹ́ẹ̀?

"Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí igi tí wọ́n là báyìí rí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù."

Mo ń retí kí ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbá etí. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó sì fa kúbùsù bo èjìká rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ wò ó, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti rí ọ̀kan tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo kó òdòdó oníke kúrò nínú ààrò. Mo fa ẹ̀ka gígùn kan wọlé, mo ti orí rẹ̀ bọ inú ààrò, mo fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọmọ mi, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dáná nílé, bí orí bá ṣe ń jó là ń ti ìdí wọlé. Mo wá to àwọn tí mo là yí i ká. Ìyàwó mi jókòó síwájú, ó ti fi ìró so àyà, bí ẹni tó fẹ́ yan gàrí.

Igi náà kò jó. Ẹkún ló bẹ̀rẹ̀. Omi ń hó ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì bí ẹmu, ó ń dún ṣìì bí ejò, èéfín wá yíjú padà kúrò lẹ́nu ihò, ó wọ pálọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà ta igbe. Ọmọ mi sáré jáde láti ilé ìdáná.

"Dádì! Kápẹ́ẹ̀tì! Ha, Dádì, igi lórí kápẹ́ẹ̀tì!"

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí tẹ̀yìn, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Òtútù oṣù kejìlá rọ́ wọlé. Iná tí mo dá láti fi lé òtútù ló wá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìyàwó mi ń gbọ̀n pèpè lórí àga, omi èéfín lójú rẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ tún fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí.

Bí ayé mi ṣe rí nìyẹn títí Kérésìmesì fi kọjá. Láràárọ̀ màá jáde lọ fi igi méjì kanra. Bù. Yìnyín bo òkìtì náà, ó yọ́, ó wọ inú igi, ó tún dì. Ó ń tutù sí i ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wèrè. Ní ọjọ́ kan mo kó mẹ́ta sínú ààrò gáàsì ọmọ mi, mo tan án, mo jókòó tì í. Ọmọ mi dé láti ibi iṣẹ́, ó gbóòórùn.

"Dádì, kí lẹ ń sè?"

"Igi."

Ó wò mí títí. Kò bínú. Ó pa gáàsì, ó kó igi náà jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sunkún.

Oṣù kìíní wá, ìyàwó mi kò lè dá rìn dé ibi ọkọ̀ mọ́, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì í ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo wà lẹ́yìn ilé tí mò ń fá yìnyín, bàbá ilé kejì ti bárò dé. Igi kún inú rẹ̀. Igi rẹ̀ ti là lójú, ó ti funfun, èèpo rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀.

"Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ èéfín yín lọ́jọ́sí," ló wí. "Fún ìyàwó rẹ ni. Tó bá tán, màá gbé òmíràn wá."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Èmi awakọ̀ agbégilódò, èmi tí gbogbo igbó mọ fèrè mi. Mo ní, "A dúpẹ́. Mo ní igi."

Ó wo òkìtì mi tí yìnyín bò. Ó wò mí. Ó ní ó dára, ó yí bárò padà. Mo rí ipa ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ lórí yìnyín, ẹyọ kan, tó wá tó sì tún lọ. Mo ń rí i lójú mi títí di òní.

"Kí ni bàbá yẹn wá ṣe?" ìyàwó mi bèèrè nígbà tí mo wọlé.

"Ó wá tọrọ igi. Mo ní kò sí."

Kò gbá etí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ fi tèmi pamọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kejì ni ó tó pè mí. Ọmọ wa ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará ìjọ wa ní Springdale, nítòsí wa, ti kó kúbùsù wá títí ó fi di méje lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ.

"Baálé mi."

"Elégàrí mi."

"Igi yẹn ò ní gbẹ kí n tó lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá ilé kejì ní..."

"Bàbá ilé kejì ní ọdún kan. Mi ò gbọ́ Òyìnbó ẹ̀, mo gbọ́ àáké yín. Ẹ̀ ń la igi lẹ́yìn fèrèsé mi láti ìjọ́ yìí, ẹ rò pé etí mi ti kú? Igi tó máa jó, àáké máa ń dún nínú ẹ̀ bí ẹni ń fọ́ àgbọn. Tiyín ń dún bí ẹni ń na mátírẹ́ẹ̀sì. Ogójì ọdún ni mo fi dáná. Ẹ̀yin gbé igi nínú ọkọ̀ ni, Baálé mi, ẹ ò gbé e kaná rí."

Ojú tì mí. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o ò gbá etí?"

Ó yíjú sí fèrèsé. "Àwọn irọ́ yín tókù, mò ń dà wọ́n nù ni, torí mo mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀. Èyí, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ní bóyá yóò gbóná."

Mo fa kúbùsù bò ó lọ́rùn.

"Kò gbóná," ló wí. "Bàbá yẹn gbé igi wá, ẹ dá a padà. Mo rí yín. Bárò náà kún. Igi ẹ̀ funfun, ó gbẹ. Ṣé ìgbéraga yín ni kí n máa yá?"

"Dákẹ́, dákẹ́. Lọ́la. Lọ́la kí o tó dé láti ibi ẹ̀rọ, màá ti dáná."

"Irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ jáde láti abẹ́ kúbùsù méje, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí, ó dúró díẹ̀, ó sì tún dá a padà sábẹ́ kúbùsù. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ gbá etí ni àbí agbára ò sí.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n tì í sínú ọkọ̀ tó máa ń wá gbé e. Bí ọkọ̀ ṣe ṣí báyìí, mo kọjá sí ilé kejì. Mo ti kó ọ̀rọ̀ Òyìnbó jọ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sá lọ nígbà tí bàbá ṣílẹ̀kùn. Mo na ọwọ́ méjèèjì bí alágbe. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọ bàtà, ó gbé bárò, a jọ kó igi sínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹyọ méjì kanra nínú bárò, ó dún: kóó. Ohùn tí mo ti ń wá láti oṣù kọkànlá nìyẹn, lábẹ́ tàpólì ẹlòmíràn.

Iná náà gbà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Mo gbé àga rẹ̀ síwájú, mo fi ìró rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga kí ó lè gbóná dè é. Mo ń ti igi wọlé díẹ̀díẹ̀ kí iná má bàa kọjá àkókò. Agogo kan. Ní agogo méjì mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀. Mo ní bóyá yìnyín ló dí wọn lọ́wọ́, mo padà lọ fi igi kún un. Agogo mẹ́ta, mo tún fi kún un. Ìró náà ti gbóná débi pé mo ń yí i padà bí ẹni ń yan ẹja.

Ọkọ̀ ọmọ mi ló dé, kì í ṣe ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo ti bà jẹ́, ó di orúnkún mi mú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ló já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe.

"Dádì," ló ń wí, "Dádì, Mọ́mì ti..."

Mo ní kó dákẹ́. Mò ń wo iná. Ó ń jó dáadáa, kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá." "Ọlọ́run á tù yín nínú, Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú." Mo dúró láàárín pálọ̀, mò ń dá wọn lóhùn. Mo rántí ìrókò mi. Ibi tí wọ́n sin ín sí, ilẹ̀ ọ̀hún ti dì, ẹ̀rọ ni wọ́n fi wà á, ó ń ké bí wọ́n ti ń wà á. Obìnrin tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju kí ara òun gbóná, ibẹ̀ la tẹ́ ẹ sí. Ọmọ wa ló ní kí ó wà nítòsí wa. Mi ò jà. Kí ni mo fẹ́ fi jà?

Oòrùn wá, ó gun orí igi mi, ó sọ̀. Mo ti fi tàpólì bò ó lórí bí bàbá ilé kejì ti wí. Òtútù tún dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejìlá, mo jáde, mo mú méjì, mo fi wọ́n kanra. Kóó. Bàbá ilé kejì gbọ́ ọ láti ọgbà tirẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí mi. Mo gbé tèmi náà sókè. Igi ti gbẹ. Ó gbẹ dáadáa. Ó pọ̀ tó láti fi yáná fún ọdún mẹ́ta.

Ọmọ mi ló ní kí a fi dáná, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n mo dáná náà. Ó jó tó bẹ́ẹ̀ tí òdòdó oníke tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Ooru kún pálọ̀. Ọmọ mi nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó dìde, ó ṣí fèrèsé.

"Dádì, ẹ sọ ìtàn kan fún wa jọ̀ọ́. Irú èyí tí ẹ máa ń sọ fún Mọ́mì."

Mo sọ ti ìrókò fún un. Bí a ṣe gé e já ní ọjọ́ Ajé tí kò mọ̀, bó ṣe yọ ewé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí àgbẹ̀ ṣe kí i ní Ọjọ́bọ̀ tó fi ṣubú. Nígbà tí mo parí, mo dúró. Kò bèèrè Ọjọ́rú. Ó ń wo iná, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Lóòótọ́, Dádì?"

"Lóòótọ́ ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà mí gbọ́.